Irin Kékeré Tí O Ní Kó Ṣẹ́

Mùs'áb, ọdún márùn-ún pé lónìí, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1998, tí o fi wá sílẹ̀ ní Ẹnu Ọ̀wá. Ibà ọjọ́ mẹ́rin péré! Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ọ́.

Ìròyìn ni a kó wá fún ọ, pẹ̀lú iye àti ọjọ́, nítorí o kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní méjèèjì nínú. Mariyah ọmọ rẹ ti pé ọdún mẹ́wàá. Ó ń jiyàn bí ìwọ gan-an. Ganiat ìyàwó rẹ ti parí ẹ̀kọ́ olùkọ́, ó sì ti ń kọ́ni. A ti parí òrùlé ilé. Òjò kì í rọ̀ sórí ibùsùn ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣọ́ọ̀bù léètì, ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ irin, tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Ẹrò ṣì ṣí sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ Mọ̀núrù ló ń darí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ ni kò jẹ́ kó tì.

Ní ọdún 1990, ọkọ̀ èrò Àlàájì Jíbrílù, tó ń ná ojú omi Ẹ̀bútẹ́ Ẹrò sí Ìkòròdú, ṣẹ́ ṣáàfù mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́wàá. Ṣáàfù ni ọ̀pá irin tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ síwájú lábẹ́ omi; bí ó bá ṣẹ́, ọkọ̀ a dúró lójú ọ̀sà tòun ti èrò. Ṣọ́ọ̀bù wa ló gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọ̀kan bá ti ṣẹ́, Mọ̀núrù a gbẹ́ èyí tó nípọn jù ú lọ. “Irin tó bá sanra kì í ṣẹ́,” ni ó máa ń wí. Ó ṣẹ́.

O kó irin wọ̀nyẹn wá sínú yàrá, o so ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣẹ́ mọ́ ọn. Ìyá rẹ wò ọ́ títí, ó ní, “Mùs'áb, ṣé àwọn wọ̀nyí ni ìyàwó tí o fẹ́ fẹ́ lé Ganiat?”

Lẹ́yìn náà ni o ra kọ̀ǹpútà àlòkù ní Ìdúmọ̀tà, o sì gba ètò tí àwọn ẹnjiníà fi ń dán irin wò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ kan ní yunifásítì. O ya ṣáàfù sójú ẹ̀rọ, o ní kí ẹ̀rọ lọ́ ọ bí a ti ń fún aṣọ tí a fọ̀, o sì ń wá ibi tí ìlọ́ ti le jù. Ìṣirò kan a máa gba wákàtí mẹ́fà. Bí iná mànàmáná bá lọ ní wákàtí karùn-ún, o ó tún bẹ̀rẹ̀. A kò gbọ́ kí o ṣépè lẹ́ẹ̀kan!

Àwọ̀ pupa, tó ń fi ibi tí ìlọ́ ti le jù hàn, yọ. Kì í ṣe ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ló ti yọ. Igun mímú tí léètì gbẹ́ sí ibi tí ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ẹ́rẹ́ ni. O ní kí Mọ̀núrù sọ igun náà di roboto.

Mọ̀núrù ní, “Àpótí tí kò fọwọ́ kan irin rí ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?” Ṣùgbọ́n ó gbẹ́ ẹ. Ṣáàfù náà pẹ́ ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ, ó sì ṣẹ́.

Ohun tí o ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni a fi ń yìn ọ́ títí dòní. O lọ bá Àlàájì níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. O ní, “Àlàájì, ẹ má bá ẹ̀gbọ́n mi wí. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣì. Èmi ni mo bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè tí kò pé.” O ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé omi mọ́. Omi kò mọ́! Ewéko ti bo ọ̀sà. O wọ ọkọ̀ náà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, o ń ka iye ìgbà tí ewéko ń gbá abẹ̀bẹ̀ mú lójijì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí: ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án lóòjọ́. Nígbà tí o fi ìyẹn kún ìṣirò, ìlọ́ tó dé bá ọ̀pá di ìlọ́po mẹ́ta.

Nínú àwòrán tuntun, o fi píìnì idẹ kékeré kan, bí ìṣó, sáàárín ẹ́ńjìnnì àti ṣáàfù, o mú un rọ̀ ju gbogbo irin yòókù lọ, kí ó lè ṣẹ́ dípò ọ̀pá, kí awakọ̀ sì lè pààrọ̀ rẹ̀ láì wọ omi.

Mọ̀núrù yarí. “Ta ló ń gbẹ́ irin kó lè ṣẹ́? Àbùkù ni kí a máa tà fún oníbàárà?” Ẹ kò tíì parí àríyànjiyàn yẹn tí ibà fi mú ọ.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Àlàájì Jíbrílù wá sí ṣọ́ọ̀bù. “Mọ̀núrù, mo bá yín kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n èrò méjìléláàádọ́ta ni mò ń gbé. Bí ọ̀pá bá tún ṣẹ́, mi ò ní padà wá mọ́.” Ọkọ̀ rẹ̀ ló ń bọ́ ṣọ́ọ̀bù wa jù, o mọ̀.

Irin tó nípọn wà nílẹ̀. Àwòrán rẹ wà lórí tábìlì. Mọ̀núrù jókòó sáàárín méjèèjì láti àárọ̀ títí di ìrun ọ̀sán. Nígbà tó kírun tán, ó ránṣẹ́ pe Ganiat, nítorí òun nìkan ló lè ka ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ. Ganiat ń ka iye, Mọ̀núrù ń gbẹ́ ṣáàfù àti píìnì. Kò fi ìwọ̀n irun kan lé iye tí o kọ.

Mọ̀núrù fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lójú ọ̀sà, ewéko gbá abẹ̀bẹ̀ mú. Pá! Ọkọ̀ dúró. Èrò figbe ta. Mọ̀núrù bẹ́ sídìí ẹ́ńjìnnì, ó gbé píìnì tó ti gé sí méjì sókè, ó ń pariwo, “Ó ti ṣẹ́! Alihamudulilahi, ó ti ṣẹ́!” Obìnrin kan sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé, “Ẹ fa ọmọ yín mọ́ra o, orí ọ̀gbẹ́ni yìí ti dàrú.” Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni awakọ̀ fi pààrọ̀ píìnì. Ṣáàfù kò ní ìlà kan lára!

Ṣáàfù yẹn kan náà ló wà lábẹ́ ọkọ̀ títí dòní. Ọkọ̀ mẹ́tàdínlógún ló ti gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Mọ̀núrù ti ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ báyìí, ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí nǹkan bá rú u lójú, ó máa ń béèrè lọ́wọ́ wa, àwa kì í sì í mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni ìbéèrè náà tọ́ sí. Ó tún ní àtakò mẹ́ta sí àwòrán rẹ tó fẹ́ kí ẹ jọ jiyàn lé lórí, kò sì rí ẹni bá a jiyàn.

Mùs'áb, a fẹ́ràn rẹ. Àárò rẹ ń sọ wá, lónìí bí ọjọ́ kìíní. Kí Ọlọ́run kẹ́ ọ.

Ìyá rẹ, ìyàwó rẹ, ọmọ rẹ, àti gbogbo ilé.