Ehoro Tó Mọ Àìsàn Hamidat

Nusaybah ọmọ mi,

Kí n tó mú bírò, mo ti fún ehoro mi lóúnjẹ. Tí mo bá ti kírun àsúbáà tán, màá já ewé ọ̀dùnkún lẹ́yìnkùlé, màá fi etí ìborùn mi nu ìrì ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ewé tútù máa ń jẹ́ kí ikùn rẹ̀ wú, màá sì dúró tì í títí á fi jẹ ẹ́ tán. Òun nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ní Gàmbàrí Ìlọrin yìí látìgbà tí mo ti kó wá láti abúlé. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìbàdàn? Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ bàjẹ́.

Inú ń bí mi. O ní nínú lẹ́tà rẹ pé inú ẹ̀jẹ̀ ehoro ni wọ́n ti ń mú àwọn ọmọ ogun tó ń bá yín dá jẹjẹrẹ mọ̀, kí ẹ lè rí iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì burúkú ń rán síra wọn, kí ẹ sì wá oògùn tó máa dá iṣẹ́ náà dúró. Èyí tí ẹ rà wá ti òkè òkun dé, àwọn aṣọ́bodè fi í sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, yìnyín rẹ̀ yọ́, ó bàjẹ́, torí fọ́ọ̀mù tó ń bèèrè bóyá oúnjẹ ni. Ta ló ń jẹ ọmọ ogun? Ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú ìgò láìjẹ láìmu, ọmọ ogun wo ni kò ní kú? Bí òmíràn ò bá sì dé kóṣù tó parí, ìwádìí rẹ dúró nìyẹn.

Lánàá, èmi tí n kì í sọ̀rọ̀, mo dìde ní kíláàsì àgbà, mo bi Màlámù Abdulfattah tó ń kọ́ wa níwèé bóyá ehoro ti tán ní Ìlọrin ni. Ó ní kí n lọ fi tèmi se ọbẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Kàdíját ló rẹ́rìn-ín jù, bẹ́ẹ̀ ìwé mi ló máa ń wò kọ.

O ní wọ́n á kọ́kọ́ fi díẹ̀ lára àìsàn náà gún ehoro lábẹ́rẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Tèmi ò nílò abẹ́rẹ́. Abẹ́ ibùsùn àbúrò mi Hamidat ló ń sùn ní gbogbo oṣù méje tí jẹjẹrẹ ọmú fi dá a dùbúlẹ̀ kó tó kú. Tí ìrora bá fẹ́ dé, etí ehoro yìí ló máa ń kọ́kọ́ nà, kí àwa tó gbọ́ igbe. Ta ló tún mọ àìsàn náà tó o?

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ gbà lára rẹ̀, kí ẹ má pa á, kí ẹ sì máa nu ewé rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà Àbdùlkàdírì ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ lọ́sàn-án òní. Wá dúró dè mí ní gáréèjì Ìbàdàn lọ́la, kí o mú owó ọkọ̀ dání, torí n kò ní. Ọlọ́hun á fi oògùn tí Hamidat ò rí lò sí ọ lọ́wọ́.

Lọ́la, n kò ní lọ kíláàsì. Màá gbé ehoro sínú apẹ̀rẹ̀, màá wọkọ̀ ní Challenge ti Ìlọrin níbí, màá gbé e lé ẹsẹ̀ dé Ìbàdàn. Bí wọ́n bá mú fọ́ọ̀mù wá, èmi fúnra mi ni màá kọ ọ́. Níbi tí wọ́n bá ti bèèrè bóyá oúnjẹ ni, màá kọ rárá síbẹ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Màsúdát