Aṣọ Funfun Tí A Ń Sá fún Àwòdì

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ

Ọmọ mi ọkùnrin kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwòdì ni mo ń pè é. Òun ló ń wa bàálù kékeré tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan fi ń ṣòwò kiri. Ó ń bọ̀ wá balẹ̀ ní pápá bàálù ìtòsí, ó já sínú igbó lẹ́yìn ilé wa, òun àti ọ̀gá náà. N kò mọ̀wé. Fóònù tó rà fún mi ni mò ń sọ ọ́ sí, òun ló ń kọ ọ́.

Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

N kò sunkún. Omi ojú mi gbẹ lọ́dún tí ìyá àwọn ọmọ mi kú.

Àìkú, ọjọ́ keje

Mo lálàá. Kùrukùru kún àgbàlá bí wàrà. Bàálù rọra bà lé okùn ìsáṣọ bí ẹyẹlé — kò dún rárá. Ìyá wọn ń nu ìyẹ́ rẹ̀. Ó ní, Bàbá wọn, ẹ ká aṣọ yẹn, ó ti gbẹ.

Òun ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ aṣọ. Bí Àwòdì bá ń bọ̀, á sá aṣọ ìbùsùn funfun síta. Ọmọ náà á yà díẹ̀, á fò kọjá lórí ilé, á tan iná, á pa á. Ìkíni nìyẹn. Ìyá wọn kú, mo ń sá a lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Ẹni tó ń wádìí ìjàǹbá náà wá. Bàtà rẹ̀ mọ́ ju àwo wa lọ. Ṣé mo rí bàálù náà? Mo ní mo ń sùn. Pẹ̀lú ariwo yẹn, Bàbá? Mo ní bó bá dàgbà tó mi, òun náà á sùn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó jọ pé ẹlẹ́rọ tó tún bàálù náà ṣe ló jẹ̀bi, wọ́n ti lé e níbi iṣẹ́.

Mo mú ẹ̀jẹ̀ sínú, mo tutọ́ funfun jáde.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Ẹlẹ́rọ náà wá. Kò jókòó. Ó ní, Bàbá, ọwọ́ mi yìí kò fi nọ́ọ̀tì bàálù kan sílẹ̀ láìdì í. Mi ò pa ọmọ yín.

Mo ní, Mo mọ̀.

Báwo lẹ ṣe mọ̀?

Mo bu omi fún un.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Àkọ́bí mi dé. Mo sọ fún un. Kùrukùru bolẹ̀ lọ́jọ́ tí bàálù já, mo sì sá aṣọ. Àbúrò rẹ yà wá kí mi. Ó wá sílẹ̀ jù kó lè rí aṣọ náà. Iná rẹ̀ tàn. Lẹ́yìn náà, igi.

Ó ní, Bàbá, wọ́n á ba orúkọ àbúrò mi jẹ́.

Mo ní, Ti ẹlẹ́rọ yẹn ńkọ́?

Mo ká aṣọ náà, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ìwọ ni àgbà wọn. Ibi yòówù tó o bá gbé e lọ, ì báà ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wádìí, ì báà ṣe inú àpótí, mi ò ní bi ọ́.

Ó gbá aṣọ náà mọ́ àyà. Ó ń wo ọ̀nà.