Ogún Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Omi

Èmi tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Olómi níbi iṣẹ́, tí àdúgbò sì ń pè ní Bàbá Onígọ́tà lẹ́yìn mi, ni mo ń sọ ìfẹ́ ọkàn mi sínú ìwé yìí. Orí mi pé. Dókítà ti yẹ̀ mí wò, lọ́yà náà ti da ìbéèrè bò mí, kò sì sí èyí tó rí nǹkan sọ nínú àwọn méjèèjì àfi pé mo máa ń ṣàlàyé jù. Ìwé yìí ló borí gbogbo èyí tí mo ti kọ ṣáájú, pàápàá èyí tí mo kọ nígbà tí inú ń bí mi sí àbúrò mi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àti ìwọ lọ́yà tí yóò rí i pé wọ́n ṣe é, ẹ fara balẹ̀ kà á.

1. Kòtò onígíláàsì tó wà ní yàrá ìwádìí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, èyí tí mo ti fi ń wo bí omi ṣe ń ṣàn láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, mo fi í sílẹ̀ fún ẹ̀ka ìwádìí omi tí mo ti fẹ̀yìn tì. Kí wọ́n tètè wá gbé e. Àwọn àgbà ibẹ̀ yóò ní kò sí àyè. Àyè wà. Kí wọ́n kó àwọn àga tí wọ́n fi ń ṣèpàdé lórí àìsí àyè kúrò.

2. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ mi, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ mi àtijọ́ tí a ń pè ní Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà. Inú kọ̀ǹpútà ni òun ti ń ṣe ìwádìí tirẹ̀, omi tó ń ṣàn tọ̀sán tòru tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tutù nínú rẹ̀ rí. Ìwádìí tuntun tó gbé jáde lọ́dún tó kọjá sọ pé kò yẹ ká máa fi ògiri há odò mọ́, pé àyè ló yẹ ká fún un kó tẹ́ rẹrẹ. Mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó dáyé. Òun ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Kó mú àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà wọlé, ó kéré tán nǹkan kan yóò máa tutù níbẹ̀.

3. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kì í ṣe tèmi. Mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ni ín. Mo yá a fún ìrọ̀lẹ́ kan, ó bá di ẹbí. Ẹ dá a padà, kí ẹ sì bá mi bẹ̀ ẹ́.

4. Gọ́tà iwájú ilé. Ẹ̀yin ọmọ mi máa ń fi ìtàn yìí ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ̀ ọ́n dáadáa. Gọ́tà méjì ni mo yà sórí bébà: gọ́tà gidi, àti àwòṣe rẹ̀, kékeré tí mo fẹ́ fi sínú kòtò onígíláàsì. Àwòṣe ni bíríkìlà mú, ó sì kọ́ ọ gẹ́lẹ́ bó ṣe rí, gọ́tà tí bàtà mi kò lè wọ̀. Nígbà tí àdúgbò ń rẹ́rìn-ín, mo ní iṣẹ́ ìwádìí ni. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu, n kò sì rí i gbé mì. Òjò dé, gọ́tà kún, omi fẹ́ wọ pálọ̀ mi, mo bá mọ ògiri. Omi yà lára ògiri, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé àbúrò mi obìnrin, aránṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa.

Ó wá bá mi, aṣọ oníbàárà tó ti bàjẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, omi tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ àwọn ará ìta nípa ẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì mi ló wà báyìí." Mo ṣàlàyé fún un pé ilẹ̀ tirẹ̀ ló dagẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò. Ó dùn mí wọra. Òun ló rán aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo di ọ̀jọ̀gbọ́n, n kò sì fẹ́ràn ẹnikẹ́ni láyé bíi tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ka èyí sí ìjẹ́wọ́. Bíríkìlà ló jẹ̀bi.

5. Ilé náà. Àkọ́bí mi ọkùnrin, ayàwòrán-ilé, ti fi ojú inú kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Kó rọra ná. Ẹ kọ́kọ́ wó ògiri yẹn, kí ẹ wó yàrá ìwádìí mi tẹ̀ lé e, nítorí òun ló jókòó sójú ọ̀nà tí omi ń gbà lọ sódò kí n tó kọ́ ọ. Ẹ gbẹ́ gọ́tà gidi síbẹ̀. Mo ti kọ GIDI gàdàgbà sórí àwòrán rẹ̀. Ilẹ̀ tí gọ́tà náà bá gbà, omi ni mo fi í sílẹ̀ fún, kì í ṣe ọmọ, kì í ṣe ìyàwó ọmọ. Nígbà tí omi bá ti gba ọ̀nà tirẹ̀ kọjá ni kí ẹ pín yòókù láàárín ara yín.

6. N kò fi ohunkóhun sílẹ̀ fún àbúrò mi, kódà àpótí ìjókòó kan. Lọ́yà ní ẹni tó bá jogún kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, àbúrò mi yìí ni mo sì fẹ́ kó ṣe ẹlẹ́rìí mi. Lọ́yà tún béèrè pé ilé àbúrò mi tí yóò wá gbẹ ńkọ́, ṣé ìyẹn kì í ṣe ogún. Mo ní omi ni mo fún lógún, bí omi bá sì gba ibòmíràn lọ, ọ̀rọ̀ omi nìyẹn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe wí.

Mo fọwọ́ sí i fúnra mi, lójú àwọn ẹlẹ́rìí, lọ́jọ́ kejì òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olómi, tí í ṣe Bàbá Onígọ́tà.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ ilé, tí kò jogún; ẹ̀rọ rẹ̀ ló gbà.

Ẹlẹ́rìí kejì: Aránṣọ, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Mo kà á tán kí n tó fọwọ́ sí i. Mo jẹ́rìí pé ìjẹ́wọ́ ni, mo sì ti gbà á.