Ògiri Tí Ikán Gbé Dúró

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta 2024
Bíríkìlà dé. Mùyídéènì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Òṣogbo. Bánjí ọmọ mi ló rán an wá sí Iléṣà níbí pé kó tún ilé mi ṣe. N kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní ilé bàbá òun kò gbọdọ̀ dahoro. Ahoro kẹ̀ — ilé tí mò ń gbá láràárọ̀.
Mùyídéènì fi òòlù kan ògiri yàrá mi. Ó dún bí akèrègbè òfìfo. Ó wò mí. Mo wo ibòmíràn.

Ìṣẹ́gun, 5
Ó ha sìmẹ́ńtì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ikán. Wọ́n ń dà wìtìwìtì. Ta ni kò rí ikán rí. Ṣùgbọ́n èyí — òpó tí Bàbá Bánjí rì sínú ògiri nígbà ayé rẹ̀, kò sí igi níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Òpó sì dúró. Amọ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń jẹ igi ni wọ́n ń fi amọ̀ dí àyè rẹ̀. Kódà ibi tí àdá ti yọ̀ mọ́ ọkọ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó gbẹ́ ẹ, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀, nínú amọ̀. Mo ti ìka bọ̀ ọ́.
N kò lè jẹun ọ̀sán. Kì í ṣe ìbànújẹ́. Ẹnu ló yà mí, kò sì tètè pa dé.

Ọjọ́rú, 6
Ihò àná — wọ́n ti dí i. Amọ̀ tútù. Ọwọ́ wọn dán ju ti Mùyídéènì lọ, mo sì sọ fún un. Ó ní kí n gbà wọ́n síṣẹ́ nígbà náà, òun á máa po sìmẹ́ńtì fún wọn.
Ó pe Ọ̀gá Òkè-Fìà. Bánjí ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, látìgbà tó ti kọ́lé sí Òkè-Fìà ní Òṣogbo. Ọ̀gá ní kí wọ́n wó yàrá náà, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tún un kọ́, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mo ní ta ló máa wó o. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi po amọ̀ ògiri yẹn, oyún Bánjí sì wà nínú mi. Ó ní Yèyé mi, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó má wó.

Ẹtì, 8
Mo gbé àga síwájú ògiri, mò ń wò wọ́n. Wọ́n ní afọ́jú ni ikán. Ta ló wá ń júwe ọ̀nà fún wọn?

Àìkú, 10
Oyèṣọlá ọ̀rẹ́ mi yà láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wo ògiri, ó pòṣé, ó ní ṣé mo ti gbàgbé ògán ni. N kò gbàgbé. Ògán ńlá ló wà lórí ilẹ̀ yìí ká tó kọ́lé. Òun la wó, amọ̀ rẹ̀ la fi mọlé, torí kò sí amọ̀ tó le tó ti ògán. Bàbá mi kìlọ̀ fún ọkọ mi: bí o bá máa lo amọ̀ ikán, kọ́kọ́ hú ìyá wọn. Ọkọ mi ní òjò ti ń ṣú, kò sáyè.
Nítorí náà wọn ò kó wọlé mi. Èmi ni mo kó wọlé wọn.
Mo ti mọ ohun tí a máa ṣe. Ká hú ìyá náà. Ìyá bá lọ, ikán tán, ògiri mi dúró. Ọ̀gá a gbọ́.

Ìṣẹ́gun, 12
Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ, Mùyídéènì gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, níbi tí ògán yẹn wà tẹ́lẹ̀. Ó ní Yèyé, ilẹ̀ gbígbẹ́ ò wo ògiri sàn o. Mo ní kó gbẹ́ ibi tí mo ní kó gbẹ́. Nígbà tó jìn dé ìbàdí rẹ̀ a kan yàrá kékeré kan, líle bí òkúta. Ó là á.
Ìyá wọn rèé. Ó gùn tó ìka mi, ó sanra, ó ń mí. Orí rẹ̀ kò ju ti àwọn ọmọ lọ. Kò lè rìn. Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ kéré ju ara rẹ̀ lọ — kékeré ló wọbẹ̀, ibẹ̀ ló dàgbà sí, kò lè jáde mọ́. Àwọn ọmọ yí i ká, wọ́n ń lá a, wọ́n ń bọ́ ọ. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kàn án wọn ò sá. Ńṣe ni wọ́n bò ó mọ́lẹ̀.
Mùyídéènì ní sùbùhánallà.
Èmi fúnra mi ni mo da kẹrosíìnì sí i. Àgbà ló yẹ kó ṣe é fún àgbà.

Àbámẹ́ta, 16
Ihò ara ògiri ṣì là sílẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 19
Ó ṣì là sílẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ ń dà sórí ìrọ̀rí mi. Mo gbá a, ó tún dà. Mo gbé etí lé ògiri. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń gbọ́ ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀, mo rò pé etí ogbó ni. Báyìí, kẹ́kẹ́ pa.
Wọ́n ń jẹ ògiri, òótọ́ ni. Wọ́n sì ń tún un mọ lójoojúmọ́. Àwọn ló gbé e dúró fún mi láti ọjọ́ yìí wá.

Ọjọ́bọ̀, 21
Mo kó ẹrù mi sí yàrá ẹ̀yìn. Mo pe Mùyídéènì fúnra mi pé kó wá wó o. Ó ní Yèyé, ṣé ara yín yá? Mo ní ó yá ju ti ìwọ tó ń gbààwẹ̀ lọ.

Àbámẹ́ta, 23
Ọ̀gá wá láti Òṣogbo. Mùyídéènì ò lo òòlù. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi tì í. Ògiri lọ sílẹ̀ bí èlùbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn òpó amọ̀ dúró díẹ̀ nínú eruku, bí ènìyàn, kí wọ́n tó tẹ̀ lé e.
Bánjí tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì, ó ṣí fìlà.

Àbámẹ́ta, 30
Wọ́n ti mọ ìpìlẹ̀ búlọ́ọ̀kù. Ọ̀gá fẹ́ kí ọkọ̀ tipa já yẹ̀pẹ̀ tí a ó fi kún inú rẹ̀. Mo ní tipa kankan ò ní já nǹkan síbí. Amọ̀ ògiri wa tó wó la máa fi kún un. Wọ́n kó o sí i, wọ́n bomi sí i, mo bọ́ bàtà, mo wọ inú rẹ̀, mò ń tẹ̀ ẹ́. Bánjí wò mí títí. Ó bọ́ bàtà tirẹ̀, ó ká ṣòkòtò. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní ṣé n ó wá máa bọ̀ ní Òkè-Fìà báyìí. Mo ní kó tẹ apá ọ̀tún yẹn dáadáa.

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù Kẹrin
Búlọ́ọ̀kù ti ga dé àyà mi. Láàárọ̀ yìí mo rí ọ̀nà amọ̀ kan lára ìpìlẹ̀, tínrín bí òwú. Mo fi èékánná ya á díẹ̀.
Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, wọ́n ti dí i.
N kò tíì sọ fún Bánjí.