Ọ̀pọ̀lọ́ Mi Kò Dàrú

Igbodigo

Tiwalọlá, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Ìbàdàn. Kí Ọlọ́run tí ó ń ṣọ́ mi níhìn-ín máa ṣọ́ ọ lọ́hùn-ún, kí ó má sì jẹ́ kí ẹ ra gaàrí tí wọ́n ti da yanrìn sí. Ara mi le. Orí mi pé, mo sì fi èyí ṣáájú nítorí mo mọ̀ pé òun gan-an ni o ń dúró láti gbọ́. Helen olùkọ́, ayálégbé mi, ni ó ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti sọ fún un pé kí ó má fi oyin sí ọ̀rọ̀ mi, bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí ó kọ ọ́. Ẹ̀gẹ́ wa ta dáadáa. Ewúrẹ́ tí o mọ̀ ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn ń ké bí ẹni tí ó ń darí akọrin ìjọ wa. Ó tán. Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ló kù.

Ìwọ kò mọ̀ pé mo ń bẹ̀rù ọ̀pọ̀lọ́. Kò sí ẹni tí ó mọ̀, nítorí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Èmi tí mo fi àdá pa paramọ́lẹ̀ lóko, bí ọ̀pọ̀lọ́ bá ta pọ́ún báyìí, ẹsẹ̀ mi á ti kúrò nílẹ̀ kí n tó mọ̀. Ìgbà èwe mi ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Èmi àti ìyá mi ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn ọ̀pẹ nínú kòtò epo, bí a ti ń ṣe é nígbà náà, mo ń kọrin, mo ń jó lórí ẹyìn, ni mo bá tẹ ohun kan tí ó rọ̀, ohun náà sì yí lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo fò jáde tepo tepo, mo sáré dé ojú ọ̀nà Òde-Ayé. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí ó bá rí rogodo nílẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ni lójú mi. Lọ́dún tó kọjá, pupuru ẹ̀gẹ́ rogodo kan tí mo ń yan já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, mo fi igi nà án títí ó fi di ìyẹ̀fun. Mo sì rò ó jẹ, nítorí n kì í fi oúnjẹ ṣòfò. Helen ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń kọ èyí. Mo ní kí ó fò ó, ó ní ṣebí mo ní bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí òun kọ ọ́.

Òjò ọdún yìí ni ọ̀kan wá gba ẹ̀yìn àmù mi. Ó tóbi, ó jókòó bí díákónì tí ìwàásù ti sú. Àwọn àgbà wa kì í dárúkọ ejò lálẹ́, okùn ni wọ́n ń pè é, kí ó má baà gbọ́ kí ó sì jẹ́ ìpè. Èmi náà sọ tèmi lórúkọ, mo pè é ní Baba Jókòó. Nígbà tí o pè mí lórí fóònù tí mo ń pariwo pé Baba Jókòó ti dé, ó ń wò mí, ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò, òun ni mo ń wí. N kò mọ̀ pé o ti rò pé bàbá ńlá rẹ tí ó ti kú ni mo ń rí. Bí ó bá jẹ́ òun ni, ṣé ẹ̀yìn àmù ni ì bá jókòó sí? Ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ni ì bá wà.

Ni o bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Helen. Ẹnu ọ̀nà ni ó ti kà á fún mi, ojú àwa méjèèjì sì wà lára Baba Jókòó bí ó ti ń kà á. Ó ní o ní kí n lọ sí ọsibítù ní Òkìtìpupa kí dókítà yẹ ọ̀pọ̀lọ́ mi wò. Ó ní o ní kí n jẹ́ kí ọ̀pọ̀lọ́ mi máa sinmi. Ó ní o ní bí dókítà bá sọ pé ọ̀pọ̀lọ́ mi ti ń dàrú, ẹ ó wá kó mi lọ sí Ìbàdàn, ẹ ó sì ti ilé yìí pa.

N kò fẹ́ Ìbàdàn. Ìgbà tí mo wá, ẹ gbé mi sókè bí àgbàdo tí wọ́n fi sórí àjà, n kò rí ilẹ̀ tẹ̀, n kò rí ẹni bá jà. Inú ilé yìí ni mo ti bí ìyá rẹ, inú rẹ̀ náà ni n ó kú sí. Mo bi Helen pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọ̀pọ̀lọ́ tí ó dàrú, nítorí èyí tí mo ń wò yìí, bí ó bá kọjú síhìn-ín, ọ̀hún ni ó ń fò sí. Helen ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n ayé ti dayé ọ̀làjú, ó lè jẹ́ pé ara ọ̀pọ̀lọ́ inú ilé ni wọ́n ti ń mọ̀ bí omi onílé bá ti bàjẹ́. Ó bọ́gbọ́n mu lójú mi. Ẹ wo ọgbọ́n.

Mo wọ bàtà òjò, mo gbé kúlà oúnjẹ tí o rà fún mi ní Kérésìmesì, mo dojú rẹ̀ dé Baba Jókòó, mo ti páálí bọ abẹ́ rẹ̀, gbogbo ìgbà tí ó bá ta ni mo ń pe Jésù. Àwọn ará ilé kejì rò pé àdúrà ni mo ń gbà, wọ́n ń bá mi ṣe àmín. Ọlọ́kadà tí ó gbé mi bi mí pé kí ni ó ń lu inú kúlà, mo ní ọ̀pọ̀lọ́ mi ni, ó ń lọ rí dókítà. Ó ki eré mọ́lẹ̀ títí a fi dé Òkìtìpupa.

Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í ṣe ọmọ Ìkálẹ̀. Ó ní kí ló ń ṣe Màmá, mo ní ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ó rò pé bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ṣé ó ti pẹ́, mo ní láti ìgbà òjò. Ó ní ìgbà wo ló máa ń yọ mí lẹ́nu jù, mo ní bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ó wò mí tàánútàánú, ó mú mi wọlé ṣáájú gbogbo èrò.

Dókítà, ọmọdé kan báyìí tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tí ì pinnu, ní Màmá, ẹ jẹ́ ká wò ó. Mo ní kò burú, mo ṣí kúlà. Baba Jókòó fò, ó bà sórí tábìlì dókítà. Dókítà ké, ó gun àga. Nọ́ọ̀sì ti wà níta. Èmi náà wá àga tí n ó gùn, ṣùgbọ́n èyí tí ó lágbára nínú yàrá náà, dókítà ló wà lórí rẹ̀. Ó wá ku èmi àti Baba Jókòó, ó ń wò mí, mo ń wò ó. Mo rò ó pé bí ó bá bá ojú fèrèsé lọ, kí ni n ó fi jẹ́rìí pé kò dàrú? Mo ti di ará Ìbàdàn nìyẹn. Mo bá na ọwọ́, mo gbá a mú.

Kò rọ̀. Ara rẹ̀ gbẹ, ó rí hágahàga bí èèpo pupuru tí a kò tí ì ha. Àyà rẹ̀ ń lù kì kì kì nínú ọwọ́ mi, ó yá ju tèmi lọ, ó sì tọ̀ sí mi lọ́wọ́. Ìyá mi máa ń sọ pé ìtọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ a máa fọ́ni lójú. Mo dúró kí ojú mi fọ́, kò fọ́, mo ṣì ń rí dókítà kedere lórí àga. Ìgbà náà ni ó yé mi pé ẹni tí mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni mo ti ń sá fún láti kékeré. Bí ẹnìkan bá yẹ kí ó ké lọ́jọ́ kòtò epo yẹn, òun ni. N kò sunkún o. Mo kàn dá a padà sínú kúlà.

Nígbà tí dókítà sọ̀ kalẹ̀, ó là á yé mi pé ọpọlọ inú orí ni o ní kí wọ́n wò. Ó bi mí ní ọjọ́ tí a wà, ó bi mí ní orúkọ gbogbo ọmọ mi, mo dá a lóhùn. Èmi náà bi í pé kí ni ó ń wá lórí àga, ó tẹjú mọ́ ìwé tí ó ń kọ. Ó ní ọpọlọ mi pé. Ó ní ọ̀pọ̀lọ́ mi náà pé.

Nítorí náà, ẹ má wá kó mi. Baba Jókòó ti padà sẹ́yìn àmù, ó ń jẹ ẹ̀fọn. Mo ti ń pè é ní ọ̀pọ̀lọ́ lójú ara rẹ̀. Bí ó bá ta lójijì, mo ṣì máa ń fò, ṣùgbọ́n n kì í fò dé ojú ọ̀nà mọ́.

Helen ní àwọn àmì kan wà tí ó yẹ kí o fi sórí ọ̀rọ̀, tí o kò fi sí. Gbogbo ilé ìwé tí a rán ọ lọ, àmì lásán ni o fi ń ṣahun? Mo ní kí ó fi gbogbo tirẹ̀ sí ìwé yìí, kí o má baà ṣì mí gbọ́. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Owó ni mo wí o, n kò wí ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ tí o ń fún mi ti tó. Ra kúlà mìíràn pẹ̀lú, Helen ní òun kò ní jẹun nínú èyí mọ́ láéláé.

Ilé rẹ kò ní dàrú. Oúnjẹ kò ní wọ́n ọ. Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹ̀mí gígùn, títí àwọn ọmọ ọmọ tìrẹ náà yóò fi ní kí dókítà wo ọpọlọ rẹ, kí wọ́n sì bá a níbẹ̀.

Èmi ni ìyá ìyá rẹ,
Aníwúrà.
Àtàǹpàkò mi ló wà nísàlẹ̀ yìí. Epo pupa ni mo fi tẹ̀ ẹ́.