Ta Ló Kọ́ Mi?

Olóòtú ètò rédíò wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi. Arúgbó kan ní ìlú Agbonou ni mí, inú sì ń bí mi.

Nígbà tí Faransé ń fipá kó àwọn ọkùnrin lọ síbi iṣẹ́ ojú irin, wọ́n kó ọkọ mi náà lọ. Nígbà tó padà dé, tó sinmi tán, mo sọ fún un pé ara mi ń fẹ́ tirẹ̀, kó jẹ́ ká wọlé. Ó ní obìnrin gidi kì í fẹnu ara rẹ̀ bèèrè, ló bá pe ẹbí jọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbárímisá, bi mí pé, “Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí nígbà tí ọkọ ẹ ò sí nílé?”

Mo ní, “Bàbá, ọkọ mi ló kọ́ mi kó tó lọ.”

Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Mo kọ̀, mo gba ilé bàbá mi lọ ní Datcha. Nígbà tí ọkọ mi wá mú mi, mo bi í pé, “Ṣé ẹ gbádùn ara mi rí?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, “Èmi náà gbádùn tiyín. Èwo ló burú níbẹ̀?” Mi ò bá a lọ.

Títí dòní, mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, bí ẹ bá rí i, ẹ fi hàn mí.