Wọ́n Ní Kíndìnrín Mi Ku Ẹyọ Kan

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ń jẹun kánú? Ẹ ò ní rí ohun tó ju agbára yín lọ. Bàbá rẹ ń kí ọ, òrùlé ilé ìdáná tún ti ń jò, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Inú tó ń run mí lósù tó kọjá ló gbé mi dé ọsibítù. Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò inú, mo tún ìborí mi ṣe, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, ìgbà tí fọ́tò jáde n kò rí ojú ara mi níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn rí kókó kékeré kan lára kíndìnrín mi, kò ju hóró ẹ̀wà lọ.

Dókítà, ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n, ní kì í ṣe gbogbo kókó ló ń pani, òmíràn kàn jókòó jẹ́ẹ́ ni. Ó ní ẹni tó ní kíndìnrín méjì lè yọ ọ̀kan, àmọ́ tèmi ku ẹyọ kan, àwọn ò gbọdọ̀ lọ gé ohun tí kò ṣẹ̀. Torí náà, àwọn á fi abẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn mi wọlé, àwọn á já ẹran bíńtín níbi kókó yẹn, àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò kí àwọn tó mọ èyí tí àwọn ó ṣe.

Wọ́n wá fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè pé kíndìnrín mélòó ni mo ní, mo kọ méjì: ọ̀kan lára mi, ọ̀kan lára ọmọ mi, ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti fún un, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nọ́ọ̀sì fi bírò pa á rẹ́, ó kọ ẹyọ kan. Ó dùn mí ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ìlú yín ni wọ́n fi ẹran tí wọ́n já lára mi ránṣẹ́ sí fún àyẹ̀wò nínú ìgò kékeré. Mo ní kí wọ́n kọ àdírẹ́sì rẹ sí i kó lè yà kí ọ.

Èyí tí o sọ lórí fóònù, pé bó bá gbà bẹ́ẹ̀ wàá dá kíndìnrín ọwọ́ rẹ padà, má sọ ọ́ mọ́, mo sunkún. Ta ló ń fún ọmọ lọ́mú tó tún ń gbà á padà? Ohun tí mo bẹ̀ ọ́ ni pé kí wọ́n wo tìrẹ náà, torí inú kan náà ni wọ́n ti jọ gbé. Bó bá jẹ́ tèmi nìkan ló ní kókó, ọkàn mi á balẹ̀.

Lánàá nọ́ọ̀sì pè, ó ní èsì ti dé, kí n wá lọ́jọ́bọ, àmọ́ kí n má dá wá, kí n mú ẹnì kan dání. Mo bi bàbá rẹ pé àbí ìwé èsì náà pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè gbé ni. Ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, n kò mọ ohun tó ń wá níbẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ ti tutù.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ti ènìyàn méjì ni o, àlọ àti àbọ̀.

Wàá pẹ́ láyé, wàá jẹun ọmọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé èmi àti ìwọ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, àdúrà kan ṣoṣo ni mo gbà: ìwọ ni kí o sin mí, kí n má sin ọ́. Bí àdúrà náà bá ti wá ń gbà báyìí, má sunkún.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.